Irin Mẹ́ta Nínú Bíìmù Gígùn

"Irin mẹ́ta ni," ni Mádáàmù wí. Ó tún fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mẹ́ta péré. Ọlátúndé, mélòó ni pílánù wí?"

Mo ṣí fáìlì. "Mẹ́fà, Mà."

"Mẹ́fà." Ó nàró, ó gbọn eruku kọnkéré kúrò ní orúnkún rẹ̀.

Bíìmù tí à ń wò yìí ló gbé gálárì àwọn akọrin dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà kan ní Ìgèdè-Èkìtì. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, bí àwọn akọrin ṣe ń fi orin ìkórè dánra wò, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó, bíìmù náà kán sí méjì. Ènìyàn mọ́kànlá ló fara pa. Ẹnì kan kú. Títílayọ̀ lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun ló sì máa ń gbé orin. Ọjọ́rú la wà yìí, bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣì wà láàárín àwókù, kò sẹ́ni tó gbé e. Wọ́n ti gbá àyíká pẹpẹ mọ́ tónítóní ṣá, nítorí ìsìn ọjọ́ Àìkú. Èyí ló kọ́kọ́ rí mi lára.

"Ẹ ti fojú ara yín rí i báyìí," ni ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn wa wí.

Ẹnjiníà Adérẹ̀mí nìyẹn, alàgbà nínú ìjọ náà. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Adó ló ya pílánù ṣọ́ọ̀ṣì yìí lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ti kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri ẹnu ọ̀nà. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ojú tí kò ní omijé kankan.

"Mẹ́fà ni mo kọ," ó wí. "Mẹ́ta ló dè. Ó kó mẹ́ta yòókù lọ sílé rẹ̀. Ọlọ́run á dá a lẹ́jọ́."

Ẹni tó ń bá wí ni Ayọ̀rìndé, bẹ́ńdà tó tẹ irin ṣọ́ọ̀ṣì náà tó sì dè é kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Láti ọjọ́ Àìkú ló ti wà ní àtìmọ́lé lọ́dọ̀ wa. Ọkọ Títílayọ̀ ni.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ náà ti le. Àwọn àna rẹ̀ ti gbé òkú ọmọ wọn lọ sílé bàbá rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ sin ín, wọ́n sì ti búra pé ọkùnrin tó ta irin abẹ́ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ jẹun kò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé àwọn. Bí a bá jẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì kọjá, a lè padà tú Ayọ̀rìndé sílẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa hú ìyàwó rẹ̀ pé kó wá tún un sin.

Ẹnjiníà pe àwọn ìyá ìjọ jọ, ó ní kí wọ́n kúnlẹ̀ yí àwókù náà ká, ó sì fi odidi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbàdúrà lórí olè tó ba ilé Ọlọ́run jẹ́. Láàárín Àmín kan sí èkejì, á la ojú kan, á yọjú wò wá. Ó ń ṣe mí bíi kí n tutọ́, ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀ṣì la wà.

Mádáàmù kò kúnlẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ Monínúọlá Bámgbóyè lorúkọ rẹ̀. Ọdún méjìlá ló fi kọ́ àwọn ọmọ Adó ní ìṣirò kó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, títí di òní olùkọ́ ló ṣì jẹ́. Bí ẹ bá parọ́ fún un, kò ní bú yín. Á kàn ní kí ẹ ṣàlàyé bí ẹ ṣe rí ìdáhùn yín.

*

Nígbà tí a padà dé àgọ́, irùngbọ̀n ti hù sí Ayọ̀rìndé lẹ́nu. Kò béèrè oúnjẹ, kò béèrè lọ́yà. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wa ni pé, "Ẹ jọ̀wọ́ Mà, aṣọ wo ni wọ́n wọ̀ fún un?"

Mádáàmù dá a lóhùn pé òun kò mọ̀, ó fa àga, ó jókòó tì í. Ó wá ní kí n gbé irin mẹ́ta tí a bá lẹ́yìn ilé rẹ̀ wá. Mo gbé wọn wá, mo kó wọn kalẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi wọ̀nyí ṣe, Ayọ̀rìndé?"

"Ọgbà adìyẹ ni, Mà. Títí fẹ́ sin adìyẹ lẹ́yìn ulé."

Mádáàmù mú ọ̀kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka ọwọ́ rẹ̀ tó kéré jù. Bákan náà ni wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́. Ó wá yọ irin tó gé nínú bíìmù tó wó jáde nínú àpò rẹ̀. Ìyẹn nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ.

"Ọlátúndé, ta ló sọ pé irin ṣọ́ọ̀ṣì lèyí?"

"Ẹnjiníà Adérẹ̀mí ni, Mà."

"Ta ló wọ̀n ọ́n?"

Èmi ni mo kó irin yẹn wá lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹrù olè, láàárín àwọn èrò tó ń pariwo pé ká lu ọkùnrin náà pa. N kò gbé irin kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì wò. Ẹni tó ń wá ẹlẹ́gbin kó wá mi wá.

Mádáàmù kò bú mi. Ó yíjú sí Ayọ̀rìndé. "Mélòó ni wọ́n ní kí o dè sínú bíìmù gálárì?"

"Mẹ́ta, Mà. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé."

"Ìwé náà dà?"

"Ọ̀gá Ẹnjiníà gbà á padà nígbà tí uṣẹ́ parí."

"Kò yà ọ́ lẹ́nu?"

Ó gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ó yà mí lẹ́nu o, Mà. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń de urin. Bíìmù tó gùn láti ògiri dé ògiri, wọ́n ní mẹ́ta. Bíìmù kékeré ti yàrá ìmúra, èyí tó gbé táǹkì omi, wọ́n ní mẹ́fà. Mo ní, 'Ọ̀gá, ṣé wọn kò gbé e sódì báyìí?' Ó ní, 'Kọ̀ǹpútà ló ṣírò rẹ̀. Ṣé ùwọ tó ń fi pínṣà de urin jẹun ló máa kọ́ kọ̀ǹpútà níṣẹ́?'"

"Ó wí bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an, Mà."

"Ṣé o kọ iye irin náà síbì kan?"

"Sára pákó, Mà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ ká gbé ìwé gun àkàbà. Ohun tí ìwé bá wí, a ó fi èédú kọ ọ́ sínú pákó ká tó gun òkè lọ dè é."

Mádáàmù dìde kíá. "Níbo ni wọ́n kó àwọn pákó náà sí?"

*

Ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n kó wọn sí. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé ìgbẹ́ ìjọ wà. Kò ní ògiri. Pákó tí wọ́n fi da kọnkéré gálárì ni wọ́n fi sé e yíká. Ilé Ọlọ́run tó ní táìsì dídán, tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn mẹ́jọ, pákó ló fi sé ilé ìgbẹ́ tí àwọn ìyá arúgbó ń lò.

"Wọlé, Ọlátúndé," ni Mádáàmù wí. "Èmi yóò wo ti ìta."

Mo wọlé. N kò ní sọ ohun tí mo rí nílẹ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lè jẹun lálẹ́ yìí. Mo fi ọwọ́ kan dí imú, mo fi èkejì tan iná fóònù sára àwọn pákó. Ní pákó kẹjọ, mo rí èédú: GÁLÁRÌ IWÁJÚ, 3. Lórí kan tó ti tẹ̀: YÀRÁ ÌMÚRA, 6. Omi sìmẹ́ǹtì ti gbẹ bo àwọn lẹ́tà náà, ó hàn gbangba pé wọ́n ti wà níbẹ̀ kí kọnkéré tó dé. Mo ya fọ́tò wọn, mo sáré jáde, mo bì sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Mádáàmù wí, ó na omi sí mi.

"Àbí òun fúnra rẹ̀ ló kọ irọ́ síbẹ̀ láti bo olè jíjà rẹ̀, Mà?"

"Olè wo ló ń kọ iye tó jí sára pákó níwájú gbogbo òṣìṣẹ́? Pe ẹni tó ní òòlù."

Bíríkìlà kan bá wa gbẹ́ bíìmù kékeré tó wà ní yàrá ìmúra, lábẹ́ táǹkì omi. Kò pẹ́ tí irin fi yọ. A kà á. Mẹ́fà ni, gbogbo wọn nípọn. Mo wo fáìlì. Mẹ́fà ló wà níbẹ̀ náà.

Mádáàmù jókòó sórí àpótí àwọn akọrin. "Gbọ́ mi. Ẹni tó fẹ́ jí irin, ibi tí ojú kò tó ni yóò ti jí i. Bíìmù yìí kúrú, ó fara sin, ẹnikẹ́ni kì í gbójú sókè wò ó. Ayọ̀rìndé de mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síbẹ̀ láìdín ọ̀kan. Ó wá lọ jí ti bíìmù tí ìyàwó rẹ̀ ń jó lórí rẹ̀?"

"Kò bá ọgbọ́n mu, Mà."

"Tún wò ó. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni bíìmù yìí gùn. Mẹ́ta ì bá tó o. Ti iwájú gùn ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ, mẹ́fà ló yẹ ẹ́. Irin kankan kò sọnù, Ọlátúndé. Ńṣe ni iye méjì gba ipò ara wọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Jẹ́ ká lọ sí Adó."

*

Ilé iṣẹ́ Ẹnjiníà Adérẹ̀mí kò jìnnà sí Fájuyì, lókè ilé ìtajà kan tí ariwo àwọn ọlọ́kadà kì í dákẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Òórùn ilé ìgbẹ́ ṣì wà lára ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ẹnjiníà fa imú, ó sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ dákun Ẹnjiníà," ni Mádáàmù wí, ó rọra rẹ́rìn-ín bí olùkọ́ tó ti mọ ẹni tó jí ṣọ́ọ̀kì. "Ẹ bá mi fi kọ̀ǹpútà yín ṣírò bíìmù gálárì yẹn, kí n lè kọ ọ́ sínú ìròyìn mi."

"Hà, wọ́n ti mú iná lọ, Mà."

Gbogbo wa gbójú sókè wo fáànù tó ń yí lórí wa.

Ọmọbìnrin kan wà nídìí tábìlì kejì, Olúwabùsáyọ̀, ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún wọn. Mádáàmù ní kó bá òun ṣe é. Ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ wo ilẹ̀. Ó wá tẹ̀ ẹ́: gígùn, ìpele kẹrin; ẹrù, ìpele kejì. Ìdáhùn jáde lójú ẹ̀rọ.

Irin mẹ́ta.

"Ètò yín ní mẹ́ta," ni Mádáàmù wí. "Fáìlì tí ẹ fún wa ní mẹ́fà. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàlàyé bí ẹ ṣe rí mẹ́fà."

Ẹnjiníà dìde. "Ọmọ yìí ni! Òun ló da kóòdù èdè kọ̀ǹpútà méjì pọ̀! Mo ní kó tún ètò ṣe, ó bà á jẹ́!"

"Ẹ mọ̀ pé ó bàjẹ́ nígbà náà."

Ẹnjiníà wo ẹnu ọ̀nà. Ó tún jókòó.

"Olúwabùsáyọ̀, ọmọ mi, sọ ọ́ bó ṣe rí," ni Mádáàmù wí.

Ọmọ náà yí àga rẹ̀ sí wa. "Olóògbé Ẹnjiníà Ṣèyítán tó dá ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ló kọ ètò àkọ́kọ́, Mà, ní Fọ́tíránì, èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́. Kò ṣìṣe rí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ní ojú rẹ̀ ti gbó, wọ́n ní kí n fi Páítọ̀n, tó jẹ́ èdè tuntun, ṣe ìta rẹ̀. Àtẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ iye irin fún gígùn mẹ́rin àti ẹrù mẹ́rin. Fọ́tíránì to àtẹ náà ní òòró. Páítọ̀n ń kà á ní ìbú. N kò tètè mọ̀, Mà."

N kò lóye. Mádáàmù rí ojú mi. "Bàbá kan kọ ebè mẹ́rìndínlógún, mẹ́rin lọ́nà òòró, mẹ́rin lọ́nà ìbú. Òòró ló ń tẹ̀lé bó ṣe ń gbin iṣu. Ó ní ebè kejì òun, èfùrù ló wà níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ dóko, ìbú lòun ń tẹ̀lé. Ó ka ebè kejì tirẹ̀, ó wà á, ewùrà ló bá. Iṣu kankan kò sọnù, oko náà pé, ẹnikẹ́ni kò pariwo. Ọmọ náà á sì máa wí pé èfùrù lòun ń sè."

"Nítorí náà gígùn kẹrin, ẹrù kejì…"

"Ó gba ti gígùn kejì, ẹrù kẹrin. Bíìmù gígùn gba irin ti kúkúrú, kúkúrú gba ti gígùn. Àwọn ebè láti igun dé igun nìkan ni kò yí padà, ìkejì nínú ìkejì, ìkẹta nínú ìkẹta."

"Àwọn yẹn lọ̀gá fi dán an wò, Mà," ni Olúwabùsáyọ̀ wí. "Méjì pẹ̀lú méjì, mẹ́ta pẹ̀lú mẹ́ta. Ó bá ti Bàbá Ṣèyítán mu. Wọ́n ní ó ti dára."

Mádáàmù fi ojú ìwé méjì nínú fáìlì lélẹ̀ níwájú Ẹnjiníà. "Ẹni tó kọ mẹ́fà sí gálárì lẹ́yìn tó wó, kò rí mẹ́fà lẹ́nu ẹ̀rọ yìí. Ó ti mọ ìdáhùn tòótọ́. Ẹ wo yàrá ìmúra, mẹ́fà tó jẹ́ àṣìṣe ṣì wà níbẹ̀ nínú fáìlì kan náà. Èyí tó wó nìkan lẹ tún ṣe. Èyí tó ṣì dúró, ẹ kò rántí rẹ̀." Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Ìwọ lo sọ fún wọn. Nígbà wo?"

Olúwabùsáyọ̀ bú sẹ́kún. "Lóṣù kẹta, Mà. Mo ti ṣe ìkìlọ̀ sínú ètò náà, tó máa ń hàn bí ìdáhùn kò bá bá ti Bàbá mu. Ó hàn lórí gálárì. Mo ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n da kọnkéré. Ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn nìyí."

Ó tẹ fóònù rẹ̀. Ohùn Ẹnjiníà Adérẹ̀mí kún inú yàrá, ohùn àdúrà yẹn náà.

"Búsáyọ̀, mo ti gbọ́. Olórí ìjọ ti mú ọjọ́ ìyàsímímọ́. Bí mo bá ní kí wọ́n tú irin báyìí, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n? Pa ìkìlọ̀ yẹn, kó má hàn mọ́. Ilé kì í ṣàdéédéé wó. Má fọwọ́ kan ètò yẹn mọ́ títí n ó fi sọ̀rọ̀."

Ọlọ́kadà kan fọn fèrè nísàlẹ̀. Mo wo ọkùnrin náà. Oṣù méje ló fi ń jókòó sábẹ́ gálárì yẹn lọ́jọọjọ́ Àìkú, bóyá kì í jókòó sábẹ́ rẹ̀ gan-an, bóyá ó máa ń sún síwájú díẹ̀. Ọkùnrin tó bi í léèrè ìbéèrè tó yẹ ló jẹ́ kí a tì mọ́lé. Ibi tí ìyàwó rẹ̀ kú sí ló ti ń gbàdúrà.

"Mo ti ń fi àdúrà ti gálárì yẹn lẹ́yìn," ni Ẹnjiníà wí jẹ́ẹ́. "Láti oṣù kẹta ni mo ti ń fi àdúrà tì í."

Mo ti rí òkú tó ti jẹrà rí, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ìgbẹ́ ni. Kò sí èyí tó rùn tó ọ̀rọ̀ yẹn.

"Ilé mélòó ni ẹ ti fi ètò yìí yà?" ni Mádáàmù béèrè.

Ọmọbìnrin náà ló dáhùn fún un. "Mẹ́sàn-án, Mà. Ilé-ìwé kan wà níbẹ̀."

Ojú Mádáàmù pọ́n. Ó ní kí n pe gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá tó wà ní Èkìtì, kí wọ́n kó ènìyàn jáde nínú ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wá wo Olúwabùsáyọ̀. "Láti ọjọ́ Àìkú, o mọ̀ pé aláìṣẹ̀ ló wà ní túbú."

"Ẹ̀rù ló bà mí, Mà."

"Mo mọ̀. Síbẹ̀ ó dùn mí."

Èmi ni mo fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Ẹnjiníà lọ́wọ́. Ó ní kí n rọra, pé aṣọ òun funfun.

*

Ní Ọjọ́bọ̀, Mádáàmù fúnra rẹ̀ lọ sọ òtítọ́ fún àwọn òbí Títílayọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo fi ọkọ̀ wa gbé Ayọ̀rìndé lọ síbẹ̀. Lójú ọ̀nà, mo bẹ̀ ẹ́ nítorí irin tí n kò wọ̀n. Ó ní ó ti tán, ṣùgbọ́n kò wojú mi.

Pósí ti wà nínú pálọ̀. Ìyá Títílayọ̀ jáde wá pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí apá sílẹ̀ méjèèjì.

"Ayọ̀rìndé, ọmọ mi. A ti gbọ́. A ṣẹ̀ ọ́. Wọ ulé."

Ayọ̀rìndé dúró síbi tó wà. Mo fọwọ́ tì í díẹ̀ lẹ́yìn, kò lọ.

"Màámi," ó wí, "ó ku nǹkan kan tí n kò sọ fún ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo délé, mo ròyìn rẹ̀ fún Títí. Mo ní urin yẹn kò tó. Ó ní, 'Padà lọ lọ́la kó o tún bi wọ́n, má dè é.' Mo ní mo ti gbọ́ o. Mo lọ. N kò bi wọ́n. Mo dè é."

Apá ìyá náà rọra wálẹ̀. Ó wò ó títí, mo rò pé yóò ti ilẹ̀kùn.

Ó yà kúrò lójú ọ̀nà.

"Wọ ulé," ó wí. "Lọ bá a níbẹ̀. Kó o sọ ọ́ fún òun náà."